Ìbéèrè Yín: Ta Ló Sọ Pé Ti Kátúùnù Nìkan Ni Subdivision?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní polí, Ìbàdàn ni mo sì wà. Bàbá kan tó ń ta ọjà rọ́bà ní kí n ya kẹ́tù àlùwàlá tuntun fún òun, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní máa gún èèyàn, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ní máa da omi sára aṣọ. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya nǹkan, ni mo fi yà á, mo lo subdivision, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín àwọ̀n ohun tí a yà sí kéékèèké títí ojú rẹ̀ á fi dán, ó sì dùn-ún wò. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù, irin tí wọ́n fi ń mú rọ́bà jáde, ọ̀gá ibẹ̀ wò ó, ó ní, "Ti kátúùnù lèyí. Lọ fi CAD gidi yà á wá." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀nà yìí kò wúlò fún iṣẹ́ ẹ́ńjíníà? (Oníkẹ́tù, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọ̀gá yẹn rí ohun kan tó tọ́, ó sì sọ ohun kan tí kò tọ́. Fáìlì tí o gbé lọ kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lóòótọ́, n ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ti kátúùnù ni, rárá o. Ọdún 1978 ni Edwin Catmull àti Jim Clark gbé ọ̀nà tí Blender ń lò yẹn jáde. Inú jọ́nà tí wọ́n ń pè ní Computer-Aided Design (CAD náà nìyẹn) ni wọ́n gbé e sí, ìyẹn jọ́nà àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ẹ̀rọ. Nínú ẹ̀dà kan náà ni Daniel Doo àti Malcolm Sabin ti gbé tiwọn jáde, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Sabin ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ yíya ojú ohun tó tẹ̀. Lóòótọ́, ọkàn Catmull ti wà lára fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tó dá Pixar sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1997 ni Pixar tó fi ọ̀nà yìí ṣe fíìmù kékeré yẹn, ti bàbá arúgbó tó ń bá ara rẹ̀ ta ṣẹ́ẹ̀sì, èyí tó gba Oscar. Ọdún 19 gbáko! Inú ilé àwọn ẹ́ńjíníà ni wọ́n bí i sí kó tó lọ ṣe eré.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí kẹ́tù fi ṣòro yà. CAD tí ọ̀gá yẹn ń pè ní gidi, NURBS, ọ̀nà ìṣirò kan fún ojú tó tẹ̀, ló fi ń ya ohun tó bá tẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ́tò Faransé wá, níbi tí Pierre Bézier ti ṣiṣẹ́ ní Renault, tí Paul de Casteljau sì ṣiṣẹ́ ní Citroën. Abala onígun mẹ́rin ni NURBS, bí abala aṣọ òkè. Bí o bá fẹ́ fi aṣọ òkè bo tábìlì, wẹ́rẹ́ ni. Wá fi bo kẹ́tù tó ní ikùn, tó ní ẹnu gígùn, tó tún ní ọwọ́ tó jáde níbì kan tó sì wọlé padà níbòmíràn. Wàá gé, wàá rán, wàá tún gé. Ibi gbogbo tí o bá ti gé ni ojú ìrán wà, ojú ìrán NURBS kì í sì í pàdé tán pátápátá. A kàn ti fẹnu kò pé bí àlàfo náà bá ti kéré tó, bóyá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, a ó kà á sí pé kò sí.

Mo ti sunkún lórí irú ojú ìrán bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹrin tí mo wọṣẹ́ mọ́ọ̀dù l'Ékòó, mo ya jọ́ọ̀gì omi kan, abala 37 ni mo fi rán an pọ̀. Oníbàárà dé, ó ní kí n gbé ẹnu jọ́ọ̀gì náà sókè ní mìlímítà 6. Mìlímítà 6 péré! Ojú ìrán 11 ló ya. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tún un rán, síbẹ̀ àlàfo kan wà tí n kò rí, ọ̀bẹ ẹ̀rọ CNC, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ irin, sì fa ilà gba ibẹ̀ kọjá lára irin mọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ tó ń fi sáńpépà dán irin há a fún ọjọ́ méjì, kò parẹ́ tán. Títí di òní, bí mo bá rí jọ́ọ̀gì yẹn nílé onílé, àtàǹpàkò mi á wá ilà náà lọ, á sì rí i.

Ní ti subdivision, àwọ̀n kan ṣoṣo ni kẹ́tù rẹ láti ìdí dé ẹnu. Àwọ̀n apẹja ni kí o máa fi ọkàn rò: ó ní kókó, ó ní okùn láàárín kókó sí kókó, ó sì ní ojú láàárín àwọn okùn. Kò sí ojú ìrán níbì kankan. Bí oníbàárà bá ní kí o gbé ẹnu sókè, o ó di kókó mẹ́jọ mú, o ó fà wọ́n sókè, ikùn kẹ́tù á sì tẹ̀ lé wọn bí ó ṣe yẹ. Èyí gan-an ni àǹfààní rẹ̀ fún àwa tó ń ṣe nǹkan tí ọwọ́ èèyàn ń dì mú. A lè ya ọwọ́ kẹ́tù mẹ́wàá láàárín ọ̀sán kan, ká tẹ̀ wọ́n jáde, ká gbé wọn fún ìyá àgbà kan kó dì wọ́n mú pẹ̀lú omi nínú, ká sì mọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bàbá bàbá mi gbẹ́gi l'Ékìtì. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ère, ọnà lílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe: wọ́n á lé orí, ikùn àti ẹsẹ̀ jáde lára igi láìtíì ní ojú kankan. Àlétúnlé ló kàn, wọ́n á pín àwọn ohun ńláńlá wọ̀nyẹn sí kéékèèké. Dídán tẹ̀ lé e. Fínfín ló kẹ́yìn, níbi tí ilà ojú àti irun orí ti ń jáde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí subdivision lójú kọ̀ǹpútà, ohun tí mo pariwo ni pé, "Àlétúnlé rèé!" Ìwọ lo ṣe ọnà lílé, kọ̀ǹpútà bá ọ ṣe àlétúnlé àti dídán. Fínfín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ: crease ni wọ́n ń pè é nínú Blender, Shift àti E lo ó tẹ̀, okùn tí o bá yàn yóò sì kọ̀ láti rọ̀, yóò mú bí etí àpótí. O tún lè ní kó mú díẹ̀ kó sì rọ̀ díẹ̀, bí etí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ kí o mú bébà àti pẹ́ńsù báyìí, nítorí ẹni tí kò bá tíì fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kì í mọ ibi tó ti ń tan èèyàn. Ya àpótí tó jẹ́ mìlímítà 100 ní gbogbo ìhà. Kókó 8, okùn 12, ojú 6. Máa wọn gbogbo nǹkan láti àárín gbùngbùn rẹ̀, kókó kọ̀ọ̀kan yóò wà ní 50, 50, 50. Ojú kọ̀ọ̀kan yóò bí kókó tuntun kan sí àárín ara rẹ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan náà yóò bí ọ̀kan: ro kókó méjì tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ pọ̀ mọ́ kókó tuntun ti ojú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pín in sí mẹ́rin, ohun tó wà ní 50 àti 50 á bọ́ sí 37.5 àti 37.5. Kókó àtijọ́ náà kò ní jókòó síbi tó wà. Àwọn ojú tó yí i ká á fà á, àwọn okùn rẹ̀ á fà á, 50 á di 27.8. Ojú 6 ti di 24, kókó 8 ti di 26. Bí o bá tún un ṣe, ojú á di 96. Bí o bá ń ṣe é lọ láìdúró, igun yẹn á fìdí kalẹ̀ sí 25 gẹ́lẹ́, àárín ojú àpótí á sì fìdí kalẹ̀ sí bíi 42.

O ti rí i? Àpótí tó jẹ́ 100 ní fífẹ̀ ti di ohun tí kò ju 84 lọ. Èyí tó tiẹ̀ burú jù fún oníkẹ́tù ni pé àpótí 100 sí 100 sí 100, lítà kan gééré ló ń gbà. Ohun tó jáde lára rẹ̀ yìí, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta lítà ni. Nítorí náà má ṣe wọn àwọ̀n. Ojú tó ti dán tán ni kí o wọn, òun ni omi yóò wọ̀.

Bí o bá wo ohun tó jáde náà, wàá ní bọ́ọ̀lù ni. Bọ́ọ̀lù kọ́. Láti àárín rẹ̀ dé ibi tó jẹ́ àárín ojú, mìlímítà 42 ni. Láti àárín rẹ̀ dé ibi tó jẹ́ igun, 43.3. Ó fi mìlímítà kan àti díẹ̀ yàtọ̀. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n bíárìn yóò rí i, ọmọrí kẹ́tù tó ń yí wọlé yóò rí i. Subdivision irú èyí kì í bí òbìrìkítí tó pé. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tó ń fi í ya ihò bóòtù, ó máa ń dùn mí, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn ọ̀gá bíi tìrẹ máa sọ ohun tó sọ.

Ní báyìí, fáìlì rẹ. Ó dá mi lójú pé OBJ tàbí STL lo gbé lọ. Nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, dídán náà ti parẹ́. Ojú pẹlẹbẹ kéékèèké tó tò jọ ló kù, bí àwo tó fọ́ tí wọ́n lẹ̀ padà, ẹ̀rọ CNC yóò sì gbẹ́ gbogbo ìṣẹ́po wọn sára irin bó ṣe rí i. STEP, irú fáìlì tí àwọn ètò CAD fi ń gbé ojú tó dán fún ara wọn, ni ọ̀gá yẹn ń retí. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ kò jìnnà, nítorí níbi gbogbo tí okùn mẹ́rin bá ti pàdé ní kókó kọ̀ọ̀kan, ojú tí òfin Catmull àti Clark ń bí jẹ́ B-spline gan-an, ọmọ ìyá NURBS. Kò sí ohun tó ń sọnù bí o bá yí i padà níbẹ̀. Ètò CAD tí wọ́n ń pè ní Rhino, láti ẹ̀dà 7, ní SubD (subdivision náà nìyẹn) nínú, ó sì ń sọ ọ́ di NURBS fúnra rẹ̀. Fusion, ètò CAD ti ilé iṣẹ́ Autodesk, ní èyí tí wọ́n ń pè ní Form, orí T-Splines tí Autodesk rà ní 2011 ni wọ́n gbé e kà. Àwọn ètò CAD bíi CATIA, NX àti Creo ní tiwọn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá náà ní in nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó má tíì ṣí i wò rí.

Ibi tí wàhálà wà ni kókó tí okùn mẹ́ta tàbí márùn-ún bá ti pàdé. Kò sí bí kẹ́tù ṣe fẹ́ ní ẹnu kí irú rẹ̀ má sí níbi tí ẹnu ti kúrò lára ikùn. Níbẹ̀, ojú náà kò ṣẹ́, ọwọ́ kò ní mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tẹ̀ kò lọ déédéé mọ́, ìmọ́lẹ̀ yóò sì tú u fó lára rọ́bà tó bá ń dán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ya bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò fi ń bá NURBS wọn lọ, mi ò bá wọn jà. Ìwọ ní tìrẹ, ti àwọn kókó wọ̀nyẹn sí abẹ́ ọwọ́ kẹ́tù, tàbí sí ìdí rẹ̀. Tan ìlà dúdú àti funfun sí i lára lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí ìlà náà bá ti wọ́ ni kí o tún ṣe.

Bí èmi bá ni mo ni kẹ́tù yẹn, ikùn, ẹnu àti ọwọ́ ni n ó fi SubD yà. Ọrùn tí ọmọrí ń yí wọ̀ àti òrùka ìdí tó fi ń jókòó, CAD lásán ni n ó fi yà wọ́n pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó péye, n ó wá so wọ́n pọ̀. N ó jẹ́ kí okùn àwọ̀n kan gba ibi tí mọ́ọ̀dù yóò ti là sí méjì kọjá láti òkè dé ilẹ̀, kí oníṣẹ́ irin má bàa máa wá a kiri. Lẹ́yìn náà ni n ó padà lọ bá ọ̀gá yẹn, n ó kí i dáadáa, n ó sì gbé STEP lé e lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìlànilọ́yẹ̀, Ẹ́ńjíníà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ń ya òrùlé kan tó fẹ́lẹ́ tó sì tẹ̀ bí igbá, ó ní subdivision lòun fi yà á. Mo bi í pé ta ni yóò ṣírò bóyá yóò dúró, ó ní àwọ̀n kan náà lòun yóò fi ṣírò. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí àṣejù ọmọdé ni? (Bàbá Olórùlé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Baba, ẹ kú ìsinmi. Ó ṣeé ṣe, sà, inú mi sì dùn pé ẹ bi í. Bí ẹ̀yin náà ṣe mọ̀, ẹnì kan ló máa ń ya nǹkan, ẹlòmíràn á wá da àwọ̀n tirẹ̀ bò ó láti fi ṣírò agbára, àwọ̀n méjèèjì kì í sì í bára mu tán. Ní 2000, Fehmi Cirak, Michael Ortiz àti Peter Schröder fi hàn pé fún ohun tó bá fẹ́lẹ́, àwọ̀n subdivision tí a fi yà á lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Ti onígun mẹ́ta ni wọ́n lò, èyí tí Charles Loop kọ nínú iṣẹ́ máàsítà rẹ̀ ní yunifásítì Utah ní 1987.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Igbá kì í nípọn, títẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gba ẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò bó ṣe ń tẹ̀, ojú tí ẹ ń ṣírò kò gbọdọ̀ ṣẹ́ níbì kankan. Onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ tí a tò pọ̀ ń ṣẹ́ ní gbogbo etí, bíi páànù tí wọ́n ká, a ó wá máa fi nọ́ńbà kún nọ́ńbà ní kókó kọ̀ọ̀kan láti fi gbà pé kò ṣẹ́. Ojú subdivision kò ṣẹ́ láti ilé wá. Nọ́ńbà mẹ́ta ti tó fún kókó kan: ó sún sí ọ̀tún, ó sún sí iwájú, ó sún sísàlẹ̀. Ní 2005, Thomas Hughes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú èrò kan náà kalẹ̀ fún NURBS, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti gbilẹ̀.

Ohun tí n ó bẹ̀ yín kí ẹ sọ fún un ni pé kókó olókùn mẹ́ta tàbí márùn-ún tí mo sọ fún Oníkẹ́tù ní ti ìṣirò náà o. Ìṣirò máa ń falẹ̀ níbẹ̀ kó tó sún mọ́ òótọ́. Kó má ṣe gbé irú kókó bẹ́ẹ̀ sí ibi tí òpó ti gbé òrùlé. Ẹ sì ní kó fi ọwọ́ ṣírò òrùlé kan tó rọrùn, irú èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé yín àtijọ́, kó wò ó bóyá kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò sọ ohun kan náà, kó tó gbà á gbọ́ lórí èyí tí kò sí nínú ìwé.

Ìbéèrè: Àǹtí, bí mo bá ti gbé subdivision dé 6, kọ̀ǹpútà mi á dákú. Mélòó ló tó? (Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìlọ́po mẹ́rin ni gbogbo ìgbésẹ̀ kan. Àwọ̀n olójú 500 ní ìgbésẹ̀ 5 ti di ojú 512,000. Ní ìgbésẹ̀ 6, 2,048,000. Kò sí ojú èèyàn tó lè rí ìyàtọ̀ wọn. Fi sí 2 nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, 3 nígbà tí o bá fẹ́ ya àwòrán fún oníbàárà. Bí ìwọ̀n ibì kan pàtó lo fẹ́ mọ̀, o kò nílò láti máa pín in lọ: láti 1998 ni Jos Stam ti fi hàn bí a ṣe lè ṣírò ibikíbi lára ojú Catmull àti Clark tààrà. Má sì tẹ Apply títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, kókó mẹ́jọ tí o lè fi ọwọ́ fà á ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.